Ọkọ̀ Eré Ìje Olówó Pọ́ọ́kú: Ìfiwéra C1, MX-5, Clio 182 àti Formula Vee fún Olùbẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń gbé ní Thamesmead, ní Dartford tàbí ní Peckham, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, kò jìnnà púpọ̀ sí Brands Hatch, pápá eré ìje ọkọ̀ tó wà ní Kent lẹ́bàá ọ̀nà A20. Lọ́pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀, láti ìgbà tí òtútù bá ti rọlẹ̀ títí di ìgbà tó bá tún padà dé, kì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń sáré níbẹ̀, bí kò ṣe àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa, tí wọ́n fi owó ara wọn ra ọkọ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó ti ń wo eré náà láti ẹ̀yìn ọgbà, tó sì ti ń bi ara rẹ̀ léèrè pé èló ni yóò ná òun bí òun náà bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, àti pé ọkọ̀ wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni iye tí ọkọ̀ náà yóò gbà lọ́wọ́ yín fún odidi sáà kan, bóyá ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe bó bá dákú ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìdíje sì kù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ óò fi wà lórí pápá ní tòótọ́. Mo ti rí ẹni tó ra ọkọ̀ tó dára gan-an, tí kò sì rí owó táyà kejì rà. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ tapólì ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ títí ó fi tà á.

Ìsọ̀rí tí òfin rẹ̀ le ni ó ń dáàbò bo àpò wa

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Motorsport UK ni àjọ tó ń ṣàkóso gbogbo eré ìje ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣètò ìdíje fúnra rẹ̀. 750 Motor Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 nítorí àwọn tó ní ọkọ̀ Austin 7, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi eré ìje olówó kékeré ṣe iṣẹ́ wọn. BRSCC (British Racing and Sports Car Club), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1946, àti BARC (British Automobile Racing Club), tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, náà ní ìsọ̀rí tiwọn, ìyẹn àwùjọ ọkọ̀ tí òfin kan náà ń darí, tí wọ́n sì jọ ń bá ara wọn díje.

Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ìwé òfin ni ó ń sọ ohun tí a lè yí padà lára ọkọ̀ àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ má ṣe bínú sí òfin tó le. Bí gbogbo ènìyàn bá ń lo irú táyà kan náà, tí a kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì láti fi kún agbára rẹ̀, ẹni tó lówó jù yín lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá kò ní ọ̀nà púpọ̀ tó lè gbà fi owó náà sá níwájú yín. Ìsọ̀rí tí òfin rẹ̀ gba kí oníkálùkù ṣe ohun tó wù ú ni ó máa ń tán owó olówó, bó ti wù kí ọkọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pọ́ọ́kú tó. Ìdí nìyí tí àwọn mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín, Citroën C1, Mazda MX-5, Renault Clio 182 àti Formula Vee, fi jẹ́ ìsọ̀rí tí gbogbo ọkọ̀ inú rẹ̀ jọra.

Ohun tí gbogbo ọkọ̀ yóò gbà lọ́wọ́ yín

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan pápá, ẹ ní láti gba ìwé àṣẹ eré ìje lọ́wọ́ Motorsport UK, ìdánwò tí a ń pè ní ARDS ni ó sì ṣáájú rẹ̀: olùkọ́ kan yóò jókòó tì yín lórí pápá láti wo bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀, ẹ óò sì kọ ìdánwò lórí ìwé nípa òfin ààbò àti ìtumọ̀ àsíá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àsíá ní pàtàkì. Àsíá ofeefee sọ pé ewu wà níwájú, a kò sì gbọ́dọ̀ ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀; èyí tó pupa sọ pé ìdíje ti dúró; èyí tó jẹ́ búlúù sọ pé ọkọ̀ tó yára jù yín lọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú ìdíje mẹ́fà àkọ́kọ́ yín, ẹ óò lẹ ààmì ofeefee tó ní àgbélébùú dúdú mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ọwọ́ yín ṣì tutù nínú iṣẹ́ náà. Kò sí ìtìjú nínú ààmì yẹn; ó máa ń mú kí àwọn àgbà eré náà fún yín láyè.

Lẹ́yìn èyí ni aṣọ. Àṣíborí, aṣọ tí iná kì í tètè jó, ìbọ̀wọ́, bàtà, àti ohun èlò tí a ń gbé lé èjìká láti di ọrùn mú bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri, gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní ààmì ìfọwọ́sí tó bá òfin ọdún náà mu. Mo ń fi £1,100 sílẹ̀ fún wọn, àti £550 fún ìdánwò àti ìwé àṣẹ. A lè ra aṣọ àlòkù tó dára, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí ọmọ ìyá mi ra àṣíborí àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé àṣíborí tó ti ṣubú lórí kọnkéré rí kò ní ṣí ẹnu sọ fún yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́: ìbánigbófò ọkọ̀ ojú títì kò bo eré ìje, oníkálùkù ni ó sì ń ru ìnáwó ohun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbá a. Bí ẹ kò bá lè wo ọkọ̀ tí ẹ rà ní £8,000 kí ẹ sì gbà nínú ọkàn yín pé ó lè di àlòkù irin ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ ra èyí tí owó rẹ̀ kéré sí i. Ìlànà yìí nìkan ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ gbèsè.

Citroën C1 àti Mazda MX-5

Àwọn méjì yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ yàn láàárín wọn, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dúró lórí wọn pẹ́.

C1 ìran àkọ́kọ́ jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí gbogbo wa ti rí ní ojú títì. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Kolín, ní orílẹ̀-èdè Czech, ni wọ́n ti ṣe òun, Peugeot 107 àti Toyota Aygo, ẹ́ńjìnnì Toyota lítà kan onípísítìnnì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 68 péré. Ẹni tó bá gbọ́ 68 lè rò pé eré ọmọdé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé agbára kò sí, ẹni tó bá tẹ bíréèkì jù ṣáájú kọ́nà ti pàdánù eré tí kò ní rí gbà padà títí yóò fi dé kọ́nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni ogún ọkọ̀ lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n tò bí ìgbín tó fà mọ́ igi. Ọkọ̀ yìí ń kọ́ni ní sùúrù àti ìmọ́tótó nínú ìwakọ̀ ju ọkọ̀ alágbára lọ.

Ìdíje ọlọ́jọ́ gígùn ni wọ́n sábà ń fi C1 ṣe. Awakọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò pín ọkọ̀ kan, tí wọ́n ó máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn fún wákàtí mélòó kan, títí kan ìdíje wákàtí 24 tí wọ́n ti ṣe ní Silverstone àti ní Spa-Francorchamps ní Belgium. Àwọn ohun tí òfin gbà kí a yí padà, bíi àgò irin inú ọkọ̀ tó ń dáàbò bo awakọ̀, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì, kò pọ̀, ọ̀kan náà sì ni ti gbogbo ènìyàn. Táyà rẹ̀ kéré, pádì bíréèkì rẹ̀ kò wọ́n, bẹntiróòlù tó ń mu kò tó nǹkan. Sípíà-páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri, nítorí pé àìmọye irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀.

Wàhálà C1 kò sí lára ọkọ̀, ara ènìyàn ló wà. Bí mẹ́rin bá jọ ni ọkọ̀ kan, tí ọ̀kan sì fi gbá ògiri ní wákàtí kejì, ta ni yóò sanwó? Ta ni yóò gùn ún nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lóru? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó ra ọkọ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó bá mú ìwé jáde láàárín ọ̀rẹ́ dà bí ẹni tí kò fọkàn tán wọn, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ ṣì jọ máa jẹun lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti fọ́. Ẹgbẹ́ wa fi ètò àjọ ṣe tiwa: oṣooṣù ni a ń dá iye kan náà jọ, a kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àjọ náà; àpótí ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ó rọrùn fún ẹni tí owó oṣù ni ó gbọ́ bùkátà rẹ̀ ju kó wá £1,500 lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

MX-5 jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mazda gbé e jáde ní 1989, ọkọ̀ kékeré alájókòó méjì tí táyà ẹ̀yìn ń tì, tí ìwúwo rẹ̀ pín dáadáa láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, tí a sì ṣe ṣọ́ọ̀kì àti ìdè táyà rẹ̀ lọ́nà tó fi ń dì mọ́ ilẹ̀ bí ọwọ́. BRSCC àti 750 Motor Club ni wọ́n ní ìsọ̀rí fún un. Ẹni tó bá ń wà á máa ń mọ̀ lára ìdí rẹ̀ ìgbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fẹ́ yọ̀, kó tó yọ̀, ó sì máa ń ní àyè láti dá a padà. Ìdíje rẹ̀ kúrú, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, ọgbọ̀n ọkọ̀ sì lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ nìkan lo wà nínú rẹ̀. Bó o ṣe ipò karùn-ún, tìẹ ni. Bó o bà á jẹ́, tìẹ náà ni.

Ẹ ṣọ́ra lórí ẹ́ńjìnnì. Àwọn 1.6 tó kọ́kọ́ jáde ní agbára ẹṣin bíi 115, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ní àárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n ta irú 1.6 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 90 péré. Láti òde, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹ ka ìwé òfin ìsọ̀rí tí ẹ fẹ́ wọ̀ kí ẹ tó dá owó fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ má baà ra èyí tí kò wúlò fún yín.

Ohun tó ń pa MX-5 ju ìdíje lọ ni ìpẹtà. Òrùlé aṣọ rẹ̀ ní ihò kékeré méjì lẹ́yìn ìjókòó, tí omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ihò náà, omi yóò jókòó sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ síta fún ọdún pípẹ́ kí ojú ènìyàn tó rí i. Nígbà tí mo lọ wo èyí tí mo fẹ́ rà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo kúnlẹ̀ sí iwájú táyà ẹ̀yìn lápá òsì, mo sì gbé òòfà kékeré tí mo fi ń mú nọ́ọ̀tì tó bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì lé irin náà. Kò lẹ̀. Mo sún un sọ́wọ́ iwájú díẹ̀, ó lẹ̀. Mo dá a padà, ó já bọ́. Ibi tí kò ti lẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì, pọ́tì tí àwọn panẹbítà fi ń dí ihò ni ó wà níbẹ̀, irin ti jẹ tán lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ náà ní ọjọ́ tí a kọ sí i lára, mo sì rí i pé ọjọ́ náà ti kọjá. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn dákẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, n kì í lọ wo ọkọ̀ láìmú òòfà lọ́wọ́. Fún MX-5 ìran kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ẹ tún wo irin gígùn méjì tó wà níwájú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpẹtà tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ sì gba owó.

Clio 182 àti Formula Vee

Renault Clio 182 wà fún ẹni tó fẹ́ agbára. Lítà méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára ẹṣin 182 ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá, 750 Motor Club sì ní ìdíje tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ náà, àwọn táyà iwájú kan náà ni wọ́n sì ń yí i ní kọ́nà tí wọ́n tún ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì, nítorí náà wọ́n ń jẹ tán kíákíá. Ẹni tó bá ń ṣirò owó C1 kí ó má ṣe fi ìṣirò yẹn ra Clio. Bẹ́líìtì tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní àkókò tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà gba irinṣẹ́ pàtó, bó bá sì já, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè mú rìsíìtì jáde pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san. Ó jẹ́ ọkọ̀ tó dùn ún wà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi lé olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, àyàfi ẹni tó ti ń fi irú rẹ̀ lọ sí ojú títì láti ọjọ́ pípẹ́.

Formula Vee ni yóò mú inú àwọn àgbà wa dùn. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ Volkswagen Beetle ni wọ́n fi ń ṣe é, ìjàpá tí a mọ̀ nílé, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975. Ẹ́ńjìnnì 1300 tí atẹ́gùn ń tù, èyí tí kò ní rídíétọ̀ rárá, ni wọ́n gbé sí ẹ̀yìn awakọ̀ nínú ọkọ̀ tóóró alájókòó kan tí táyà rẹ̀ wà ní gbangba. Láti inú irú ọkọ̀ yìí ni Niki Lauda àti Emerson Fittipaldi, àwọn aṣẹ́gun àgbáyé nínú Formula One, gbà kọjá kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ mekáníìkì, tó sì ti bá a tú ẹ́ńjìnnì ìjàpá palẹ̀ rí lábẹ́ igi máńgòrò, yóò bá ara rẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ní ojú pápá, táyà tó wà ní gbangba kò gba kí ọkọ̀ méjì fara kanra bí C1 ti lè ṣe. Bí táyà bá gun táyà, ọkọ̀ lè fò sókè. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìgbádùn pápá, níbi tí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ojú títì lásán ti lè sanwó láti wa ọkọ̀ tirẹ̀, kì í gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ibi ìfidánrawò yín yóò dín kù. Olùkọ́ kò sì lè jókòó tì yín nínú rẹ̀. Owó táyà àti bẹntiróòlù rẹ̀ kéré gan-an, àwọn awakọ̀ rẹ̀ sì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó lè bá àwọn aṣíwájú du ipò kì í ṣe ti àtijọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n díẹ̀ ló mọ bí a ti ń tò ó, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ wọn.

Caterham Academy ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa rẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ètò tó dára ni fún ẹni tí kò sáré rí, nítorí pé olùbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹ sì lè to ọkọ̀ náà fúnra yín. Ọkọ̀ tuntun ni, owó ọkọ̀ tuntun ló sì ń gbà. Kò sí nínú ohun tí mo ń pè ní olówó pọ́ọ́kú.

Kí a to ọkọ̀ eré ìje fúnra wa, tàbí kí a ra èyí tí wọ́n ti tò?

Ẹ ra èyí tí wọ́n ti tò. Mo mọ̀ pé C1 tàbí MX-5 ojú títì lè wà ní £1,000 sí £2,000, tí ọkàn yóò sì máa sọ pé ìyókù kò lè ju bí ó ti yẹ lọ. Àgò irin, ìjókòó, bẹ́líìtì, ẹ̀rọ apaná, bọ́tìnnì tó ń pa iná mànàmáná ọkọ̀ láti òde, ṣọ́ọ̀kì, táyà, ọ̀dà, àti owó wẹ́ldà tó mọ irin jó pọ̀ dáadáa, gbogbo wọn yóò kó owó tó ju iye tí ẹlòmíràn ń ta ọkọ̀ tirẹ̀ tó ti parí lọ, nítorí pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ eré ìje kì í rí owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà padà. Àdánù rẹ̀ ni èrè tiyín. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi lè gba ẹnì kan nímọ̀ràn láti tò ó ni pé ó fẹ́ràn títò náà ju sísáré lọ.

Ìṣirò owó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Àwọn iye tó wà níhìn-ín jẹ́ iye tí mo fi ń ṣètò, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n ga díẹ̀.

Fún MX-5, ẹ jẹ́ kí a mú òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú sáà kan. Mo fi £450 sílẹ̀ fún owó ìwọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn £2,700. £720 fún táyà mẹ́jọ. £600 fún pádì, ọ́ìlì bíréèkì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. £900 fún bẹntiróòlù, ti ìdíje àti ti ìrìn àjò. £480 fún oúnjẹ àti ibùsùn. £300 fún owó ẹgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £5,700, ọdọọdún sì ni yóò máa padà wá. Ẹ fi £500 kún un fún ọjọ́ ìfidánrawò méjì, àti £1,500 tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, tó wà fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni aṣọ àti ìwé àṣẹ, £1,650, ẹ̀rọ kékeré tí a ń de mọ́ ọkọ̀ láti ka àkókò, bíi £350, àti tírélà kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, £1,500. Bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ £8,000, ọdún àkọ́kọ́ yóò gba £19,200. Ẹ wò ó pé ọkọ̀ náà kò tó ìdajì.

Fún C1 tí ẹni mẹ́rin jọ ni, tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi £6,000 sílẹ̀ fún ìwọlé, £2,000 fún táyà àti bíréèkì, £1,200 fún bẹntiróòlù, £800 fún gbígbé e lọ àti gbígbé e bọ̀, àti £2,000 fún ọjọ́ tí ó bá fọ́. £12,000 nìyẹn, £3,000 fún ẹnì kan. Bí wọ́n bá ra ọkọ̀ ní £7,000, ìpín ẹnì kan jẹ́ £1,750. Ẹ fi £1,650 aṣọ àti ìwé àṣẹ kún un, ó di £6,400.

Nísinsìnyí ẹ ka ìṣẹ́jú. Òpin ọ̀sẹ̀ MX-5 kan, pẹ̀lú ìdánwò tó ń pinnu ipò ìgbéra àti ìdíje méjì, jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 55. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 330. £5,700 yẹn pín sí bíi £17 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ C1 kan yóò wà lórí pápá fún ìṣẹ́jú 90 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, 360 nínú mẹ́rin. Bí a bá yọ owó ọjọ́ ìfọ́ kúrò, £2,500 ni ó ná, bíi £7 fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí ohun tó ń kọ́ awakọ̀ bí ìṣẹ́jú tó lò nídìí ọkọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ £17 sí £7 yìí ni ó gbé C1 ga lójú mi ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Mi ò ṣe ìṣirò Clio àti Vee lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlànà òpin ọ̀sẹ̀ wọn sún mọ́ ti MX-5. Kí ẹni tó bá yan Clio fi owó táyà àti bíréèkì kún un dáadáa, kí ẹni tó bá yan Vee dín owó táyà àti bẹntiróòlù kù, kí ó sì gbé ohun tó ṣẹ́ kù lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ tírélà tún yẹ ní ìṣẹ́jú kan. Láti oṣù Kejìlá 2021, ẹni tó yege ìdánwò ìwakọ̀ rẹ̀ láti 1997 síwájú lè fa tírélà tó tó 3,500 kílò, àpapọ̀ ìwúwo tí a gbà á láyè, láìṣe ìdánwò mìíràn, bí ọkọ̀ tó fi ń fà á bá lágbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ óò gbé e sí? Ẹni tó ń gbé ní fúláàtì ní Peckham kò ní ibi tí yóò gbé tírélà àti ọkọ̀ tí kò ní ìwé ojú títì sí, owó gáréèjì oṣooṣù ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè jẹ ìdíje méjì nínú ọdún. Nínú ẹgbẹ́ C1, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ pé ọ̀kan nínú yín ní ilé tó ní àgbàlá.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Bí owó yín fún ọdún àkọ́kọ́ bá wà láàárín £6,400 sí £9,000, tí ẹ sì ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yín dọ́gba, C1 ni kí ẹ mú. Ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sanwó fún ẹgbẹ́ tó ti ní ọkọ̀ kí ó bá wọn wà á nínú ìdíje kan péré. Ó wọ́n ju kí ẹ ní ọkọ̀ lọ bí a bá kà á ní ìdíje kan sí ìdíje kan, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ̀ nínú ọjọ́ kan bóyá eré yìí bá yín lára mu, ẹ kò sì ní ọkọ̀ tí ẹ óò máa wá ẹni tí yóò rà á kiri.

Bí ẹ bá lè fi bíi £20,000 sílẹ̀ láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ẹ ní ibi tí ẹ óò gbé ọkọ̀ sí, tí ẹ sì lè pààrọ̀ pádì bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì fúnra yín tàbí tí ẹ ṣe tán láti kọ́ ọ, MX-5 ni. Ọkọ̀ tó rọrùn láti tà ni pẹ̀lú, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú £8,000 tí ẹ fi rà á lè padà sọ́wọ́ yín bí irin rẹ̀ bá ṣì dá ṣáká. Formula Vee wà fún ẹni tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì bíi ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Clio, ẹ jẹ́ kó di ọdún kẹta.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sí pápá Brands Hatch, Snetterton tàbí Donington ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje ìsọ̀rí tí ẹ ń wò, kí ẹ dé kí agogo méjọ tó lù. Ẹ wọ inú àgbàlá tí wọ́n to ọkọ̀ sí; kì í ṣòro láti wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje ẹgbẹ́. Ẹ ó rí ìlà àwọn tó ń dúró de olùyẹ̀wò ọkọ̀, bí ó ti ń tẹ̀ bá ojú fèrèsé láti ka ọjọ́ tó wà lára bẹ́líìtì, bí ó ti ń fi ọwọ́ mi táyà láti gbọ́ bóyá ó ń mì. Ẹ má ṣe lọ bá ẹni tó gba ipò kìíní. Ẹ wá ẹni tó máa ń ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, tó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó dọ̀tí ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bi í léèrè pé èló ló ná ní ọdún tó kọjá àti pé kí ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sọ ọ́ fún yín tinútinú, òmíràn yóò sì ṣí ìwé kékeré tó kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà bó bá gbà fún yín, kí ẹ sì fi ìṣirò tèmi wé e.